Kọ̀ǹpútà mi ò sinmi mọ́

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ń kọ mí lóminú.

Látìgbà tí Dàmọ́lá ti ń yá kọ̀ǹpútà mi, ṣe ló ń gbóná. Mi ò ní ṣí nǹkan kan, fáànù inú rẹ̀ á máa pariwo, bátìrì á sì tán kíá. Ọkàn mi ti lọ sí jìbìtì.

Lónìí, mo ká a mọ́ pálọ̀ wa ládùúgbò Ẹ̀pẹ́, ní Ṣàgámù níbí. "Kí lo ń fi kọ̀ǹpútà mi ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Aago kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń dá iṣẹ́ dúró díẹ̀, kó lè mọ èyí tó kàn. Mo jẹ́ kó máa ṣe é lemọ́lemọ́ sí i, kí ohùn mi má bàa máa já tí mo bá ń gba orin sílẹ̀. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kó sinmi."

Mo ní kó dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lójú mi. Ó dá a padà, ó pa á, ó tún un tàn. Fáànù dákẹ́ lóòótọ́.

"Ó dáa, jẹ́ kí n gbọ́ orin náà."

Ó kọ́kọ́ ń lọ́ra, kó tó wá tẹ̀ ẹ́.

Orin náà dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ohùn obìnrin ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ rò pé ó ń wọlé mi tí mi ò bá sí nílé?