Fọ́tò Méjì Lórí Afárá Kan

Mo ti ní kí ọ̀pọ̀ èèyàn tún ẹ̀rín rín láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹlòmíràn tó ní kí ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún padà sẹ́yìn, kó lọ tún àbúrò rẹ̀ rí fún ìgbà àkọ́kọ́. Èmi ni mo ṣe é. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni, mi ò sì lè ní wọ́n parọ́ mọ́ mi, nítorí níṣojú gbogbo àdúgbò ni mo ti sọ ọ́, pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn mi.

Ní Ìgándò níbi tí mò ń gbé, kànáàlì kan la àdúgbò wa sí méjì. Àgbàrá òjò wọ́ afárá pákó orí rẹ̀ lọ, láti ìgbà náà, fún ọdún kan àbọ̀, ẹni tó bá fẹ́ dé òdìkejì, àfi kó wọ kẹ̀kẹ́ yí Ìkòtún po, kó tún wá gun ọ̀kadà. Ìyá kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà ní òdìkejì omi. Ọ̀pá ni àbúrò fi ń rìn, ẹ̀gbọ́n ò sì lè jókòó lórí ọ̀kadà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn lórí fóònù, ìjà ni wọ́n sì máa ń jà. Àbúrò á ní, "Ẹ̀yin lẹ kó abọ́ ìyá wa lọ." Ẹ̀gbọ́n á ní, "Irọ́ ni, ìwọ lo fọ́ ọ." Ohùn ń gbọ́ ohùn, àmọ́ ojú ò rójú.

Nígbà tó yá, àwa ará àdúgbò pawọ́ pọ̀, a kọ́ afárá oníkọnkéré, gbogbo wa sì gbà pé ìyá yìí ni yóò kọ́kọ́ rìn lórí rẹ̀. Mo pe olótùú ìwé ìròyìn tí mo máa ń ya fọ́tò fún. Ọmọdé ni lójú mi, àmọ́ ọ̀gá mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ibi tí wọ́n ti ń pàdé gan-an ni kẹ́ ẹ yà fún mi. Tó bá dáa, ojú ìwé àkọ́kọ́ la máa gbé e sí, orúkọ yín á sì wà lábẹ́ ẹ̀."

Láti ìgbà fíìmù ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, orúkọ mi ò dé ojú ìwé àkọ́kọ́ rí. Mo lọ gẹrun, nítorí fọ́tò tí mi ò ní sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi níṣẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Ẹgbẹ́dá, a kì í fi fíìmù ṣòfò. Oníbàárà á gbé àgbọ̀n sókè, á sé èémí, ká tó tẹ kámẹ́rà. Nígbà tí mo bọ́ sídìí ìròyìn, bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí àwọn ọ̀gá ìjọba bá bọwọ́ kí a tó ṣe tán, a óò ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un bọ̀." Wọ́n á tún un bọ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ta ló kà á sí irọ́? Iṣẹ́ ni.

Ọjọ́ pé. Onídìrí tó wà lẹ́nu afárá kó àwọn oníbàárà rẹ̀ jáde wá wòran, títí kan ọ̀kan tí wọ́n ṣì ń di ìdajì orí rẹ̀ lọ́wọ́. Àárín afárá ló yẹ kí n dúró sí, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ẹ̀rù omi ń bà mí. Bí mo bá ń wẹ̀, mo máa ń di etí bàsíà mú. Bíríkìlà tó kọ́ afárá rí i pé mi ò gbẹ́sẹ̀.

"Bàbá oníkámẹ́rà, ẹ gùn ún jàre. Tírélà lè gba ibẹ̀ kọjá."

Mo ní, "Kí tírélà kọ́kọ́ lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀."

Onídìrí dá sí i. "Ìyá ọgọ́rin ọdún ń lọ, ẹ̀yin ń dúró de tírélà, àbí?"

"Ìyá ti jẹ ayé tiwọn yó," mo ní. "Èmi ṣì ń jẹ lọ́wọ́."

Ibi tí a ti ń fa èyí ni ìyá ti gbéra. Kò dúró de àdúrà ààfáà, kò sì dúró dè mí. Ó fi àádùn tó wé sínú ewé mọ́ abíyá, ó ń lọ kíákíá. Àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ láti òdìkejì. Nígbà tó ku bí ìgbésẹ̀ mẹ́rin, àbúrò ju ọ̀pá nù, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Wọ́n dì mọ́ra.

"Ẹ ti dúdú jù," ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí àbúrò sọ.

"Ojú ẹ ni ò ríran mọ́," ni ẹ̀gbọ́n fi dá a lóhùn.

Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì ń yọ jáde láàárín ẹ̀rín náà. Èmi ńkọ́? Mo lóṣòó sẹ́nu afárá, mo fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú. Ọwọ́ kẹta tí mo lè fi ya fọ́tò, Ọlọ́run ò dá a mọ́ mi.

Kí n tó rá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti ń jẹ àádùn. Ìgbà yẹn ni mo la ẹnu: "Ẹ jọ̀ọ́ ìyá, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ tún wá pàdé." Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà nítorí ìwé ìròyìn. Ojú wọn mọ́ kedere nínú fọ́tò tí mo yà, aṣọ wọn ń dán. Mo ní kí àbúrò tún ọ̀pá jù. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

Mo fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí olótùú. Àmọ́ kí n tó délé, fọ́tò mìíràn ti ṣáájú mi délé. Onídìrí ti fi fóònù ya tiẹ̀, ó sì ti pín in kárí àdúgbò. Fọ́tò náà ṣú díẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bo igun kan. Síbẹ̀ ọ̀pá wà lófuurufú, àbúrò ti fẹ́ ṣubú sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lápá òsì sì ni ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹrun lóṣòó sí, tó la ẹnu sílẹ̀.

Ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Bàbá wa, ta ló ń lé yín?"

Olótùú pè. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí tiyín, ó mọ́ dáadáa. Ṣé bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí?"

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mo gé fóònù. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, orúkọ mi dé ojú ìwé àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí mo bá ní rárá, ti onídìrí ni wọ́n máa lò, orúkọ tiẹ̀ ni wọ́n máa kọ, gbogbo Alímọ̀ṣọ́ á sì wá wo bí mo ṣe lóṣòó.

Mo gbé fọ́tò méjèèjì lọ bá ìyá. Àbúrò rẹ̀ wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìjà abọ́ ń lọ lọ́wọ́. Mo bi wọ́n léèrè èyí tó yẹ kí ìwé ìròyìn gbé jáde. Ìyá kọ́kọ́ wo tèmi.

"Èyí dáa. Aṣọ mi hàn."

Ọkàn mi balẹ̀. Ó wá gba ti onídìrí. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó ní, "Wo ọ̀pá ẹ lókè." Àbúrò ní, "Ẹ wo ẹnu tiyín náà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fi gèlè nu ojú. Lẹ́yìn náà ni ìyá fi ìka kan lé ọkùnrin tó lóṣòó yẹn.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni, ìyá."

Ó dá fọ́tò padà fún mi. "Nínú tìẹ, a ti rí ara wa tán, ìwọ là ń wò. Ọmọ mi, èyí tí ẹ̀rù ti ń bà ẹ́ yìí ni kó o fi ránṣẹ́ sí wọn. Ibẹ̀ ni mo ti rí àbúrò mi."