Ibi tí Adájọ́ ti Pa Ìtàn Mi Dé

Omi ló sọ mí di òǹkọ̀wé. Settimo Torinese ni mò ń gbé nígbà náà, nínú ilé alájà mẹ́rin kan, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ti ń di bàtà sínú páálí. Àjà kẹta ni mo wà. Baba arúgbó ará Ítálì kan ló ń dá gbé lókè mi, omi sì ń jò láti ilé rẹ̀ wá sínú ilé ìdáná mi. Mo kọ lẹ́tà sí amministratore, ìyẹn ọkùnrin tó ń bójú tó ilé náà fún àwọn onílé. Aládùúgbò kan ní ìlà mẹ́ta ti tó. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ.

Kì í ṣe ẹjọ́ wẹ́wẹ́ ni mo rò síbẹ̀. Mo fi téèpù aránṣọ wọn àbàwọ́n ara sílíǹgì láràárọ̀: íǹṣì mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Ajé, mẹ́rìnlá lọ́jọ́bọ̀. Mo ka iye ìgbà tí omi ń kán sínú bàsíà mi ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà méjìlélógún ni. Mo sì tún kọ ọ́, torí pé òótọ́ ni, èmi kì í sì í yọ òótọ́ sílẹ̀, pé ìgbàkígbà tí mo bá gòkè lọ kanlẹ̀kùn, baba náà ti máa ń gbé ife kọfí méjì sórí tábìlì kí n tó débẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ kẹta, amministratore pè mí lórí fóònù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ plọ́ńbà ni.

"Ife méjì?" ó bi mí. "Kí ẹ tó gòkè?"

"Kí n tó gòkè."

"E poi?" Ìyẹn ni pé, kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà?

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ a máa bi mí pé páálí mélòó. Àwọn ọlọ́pàá questura, tó ń fún wa níwèé ìgbélùú, a máa bi mí pé ìwé wo ni kò sí níbẹ̀. Ìyàwó mi a máa bi mí pé ìgbà wo ni mo máa sọ̀rọ̀ tán. Àjèjì yìí ka ojú ìwé mẹ́rin tán, ó tún ń wá ìkarùn-ún. Ọjọ́ náà ni ọ̀ràn mi bà jẹ́. Plọ́ńbà kò wá títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi pé, èmi kò sì bínú.

Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń wá: kí ẹnì kan tí kì í ṣe ẹbí mi, tí kì í ṣe àna mi, tí wọn kò sì san owó fún láti bójú tó sílíǹgì mi, ka ìtàn mi dé ìparí. Mo rò pé ohun kékeré ni.

Nígbà tó yá, a kó lọ sí Pordenone, mo ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fíríìjì. Mo wà ní collaudo, níbi tí a ti ń yẹ ọjà wò kó tó jáde. Ìlẹ̀kùn ni tèmi. Ohun mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mò ń yẹ̀ wò lára ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kù díẹ̀ káàtó, mo máa lẹ bébà pupa mọ́ ọn, "non conforme", ìyẹn ni pé kò bá ìlànà mu, màá kọ nọ́ńbà àléébù rẹ̀ sí i, ó di ẹ̀yìn. Èmi kì í tu fíríìjì nínú. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mi ò mọ iṣẹ́ adájọ́.

Níbẹ̀ ni mo ti sọ omi Settimo di ìtàn, ní èdè Ítálì, ojú ìwé mẹ́sàn-án. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ mi. Àkókò ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fi kọ́ ara mi, lórí fóònù, pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́ kejì. Mo ń ka bando ìdíje, ìyẹn ìwé òfin rẹ̀, bí ẹlòmíràn ṣe ń ka Sáàmù. Bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè sọ bí lẹ́tà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó àti àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ìlà méjì. Nínú ìtàn náà, baba arúgbó kan ń fọwọ́ ara rẹ̀ tú páìpù ilé rẹ̀ kí ẹnì kan lè wá kanlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn adájọ́ mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ mọ páìpù. Nítorí náà, ojú ìwé kan àtààbọ̀ àkọ́kọ́ dá lórí páìpù: ohun tí wọ́n fi ṣe é, bó ṣe fẹ̀ tó, àti fáàfù mẹ́ta tó wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtàn ìgbésí ayé tirẹ̀. Lójú mi, kò sí ẹ̀dá alààyè tó lè gbé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Mo fi ránṣẹ́ sí ìdíje kan ní Padova. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ìwé máàkì dé. Orí mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, máàkì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èdè, méjìlá. Ìhun, mẹ́sàn-án. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀, mọ́kànlá. Ọgbọ́n àtinúdá, mọ́kànlá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlélógójì. Àádọ́rin ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ ẹni tó bá máa wọ ìpele tó kẹ́yìn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pé ìparí ìtàn náà kò lágbára, adájọ́ tó kà á sì fọwọ́ sí i.

Mo gbà á bí àgbàlagbà. Ọjọ́ méjì ni mi ò fi jẹun dáadáa, mo sì ṣàlàyé ara mi fún ògiri ilé ìwẹ̀ ní kíkún. Mo tún ìparí náà kọ nígbà mẹ́fà, ọ̀kan burú ju èkejì lọ.

Mo gbé e lọ fún Bàbá alàgbà ìjọ wa, tí wọ́n ti ṣe olùkọ́ rí nílé. Wọ́n kà á níwájú mọ́tò wọn lẹ́yìn ìsìn, wọ́n na ọwọ́ sí i jìnnà bí ẹni tó di ejò mú.

"Ta ló rí ìgbàlà nínú ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó rí ìgbàlà, sà. Plọ́ńbà ló wá."

"Plọ́ńbà náà ńkọ́?"

"Mi ò bi í, sà."

"Ibi tí ìṣòro rẹ wà nìyẹn," ni wọ́n wí. Wọ́n ká ìwé náà, wọ́n fi ń fẹ́ ara wọn títí a fi dágbére.

Ìyàwó mi ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó gbé wa dé ibi tí a dé. Ó ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Dádì, ẹni tó bá yín wí yìí, ṣé ẹ ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

"Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n fún mi."

"Wọ́n lè fún yín ní méjì. Wọ́n jókòó, wọ́n ka ìwé yín, wọ́n sọ ibi tó kù sí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

"Oore wo nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Epo ti gbóná, ó ti ń da chin-chin sí i. Èmi kì í bá obìnrin tó dúró ti epo gbígbóná jiyàn. Mo tún wo bando. Ó ní ìdájọ́ wọn jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tako. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dúpẹ́ nítorí rẹ̀.

Adájọ́ náà kò fara pa mọ́. Lójú ewé ìdíje náà lórí ayélujára, wọ́n kọ ọ́ pé apòògùn ni, wọ́n sì kọ orúkọ ilé oògùn rẹ̀ ní Padova síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti ìyàwó mi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, a wọ ọkọ̀ ojú irin, a pààrọ̀ ní Mestre. Wọ́n ń to ìlà nínú ilé oògùn náà, mo sì já nọ́ńbà lára ẹ̀rọ: mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ó ti ju ohun tí wọ́n fún mi lọ.

Nígbà tó kàn mí, mo dé ibi káńtà. Obìnrin kan tó máa tó ẹgbẹ́ mi ni, ó gbé awò ojú sórí irun. Dottoressa ni àwọn ará Ítálì ń pe obìnrin tó kàwé bẹ́ẹ̀.

"Dottoressa, èmi ni mẹ́tàlélógójì."

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta la pè."

"Rárá. Mẹ́tàlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún. Ìtàn omi àti baba arúgbó. Mo wá dúpẹ́ ni."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀ lọ síbi tẹlifóònù. Mo rí i pé mi ò tíì fi ẹ̀mí ìmoore hàn tó, mo bá ṣe ohun tí bàbá mi kọ́ mi: mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀. Láti ẹ̀yìn káńtà, ohun tó rí ni pé ọkùnrin gìrìwò kan kí i, ó sì pòórá.

Kí n tó nàró, àwọn méjì ti dì mí mú láti ẹ̀yìn, wọ́n ti fi mí sórí àga, wọ́n ti ń fún ọ̀já mọ́ mi lápá. Ìyàwó mi ń ṣàlàyé fún wọn pé ìkíni ni, ní èdè Yorùbá, èyí tó ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi: 148 lórí 92. Máàkì kejì tí dottoressa fún mi nìyẹn, èyí sì ga dáadáa.

Ó wo nọ́ńbà náà. Ó wo àpò chin-chin tí ìyàwó mi gbé sórí káńtà. Ó ṣeé ṣe kó rò pé mẹ́tàlélógójì rẹ̀ ló sọ ẹ̀jẹ̀ mi di ríru. Ó fa àga kan súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìtàn mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n kó fún mi. Mi ò ka tiyín tán."

"Ibo lẹ kà á dé?"

"Ojú ìwé kejì."

"Ìlà wo?"

Ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo yọ ìtàn náà nínú àpò, torí èmi kì í jáde láìmú un dání. Ó gbé awò ojú sọ̀ kalẹ̀, ó wá a, ó fi ìka tẹ ibẹ̀. Ìlà kẹrìnlá, lẹ́yìn fáàfù kẹta.

"Ìparí tí ẹ ní kò lágbára ńkọ́?"

"Ìparí wọn kì í sábà lágbára," ó wí. "Èyí tí mi ò bá kà tán, ohun tí mo máa ń kọ sí i nìyẹn."

Ìyàwó mi, tó gbọ́ Ítálì ju bó ṣe ń díbọ́n lọ, fa àpò chin-chin padà tó ìbú ọwọ́ kan. Ó yẹ kí èmi náà bínú. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni mo ti ń yẹ ìlẹ̀kùn fíríìjì wò, mo mọ ìyàtọ̀. "Ìparí kò lágbára" dà bí ìgbà tí ẹnì kan kọ sórí bébà pupa pé fíríìjì yìí kò dùn mọ́ òun. "Ojú ìwé kejì, ìlà kẹrìnlá", rọ́bà ìdí ìlẹ̀kùn nìyẹn, igun òsì nísàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe. Mo tọrọ pẹ́ńsùlù, mo fi àmì síbẹ̀. Mo wá dúpẹ́ tọkàntọkàn lọ́tẹ̀ yìí. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́ bóyá ìtàn mi dára. Mo máa fún wọn ní pẹ́ńsùlù, màá ní ibi tó bá ti sú wọn, kí wọ́n fi àmì sí i. Ìyàwó mi fi tirẹ̀ sí ojú ìwé kẹta, ìlà kẹfà, níbi tí ìyàwó ọkùnrin tó ń gbé lábẹ́ baba náà ti se ìrẹsì tó jóná. Bàbá alàgbà dé ojú ìwé kẹrin, wọ́n ní kò sú àwọn o, oorun ló wá.

Mo gé fáàfù mẹ́ta ku ọ̀kan. Nígbà tó yá, mo gé ìyẹn náà. Ó dùn mí dé egungun. Mo fi ẹ̀dà tuntun yìí ránṣẹ́ sí ìdíje kan ní Bergamo. Mo gba mọ́kànléláàádọ́ta, adájọ́ sì kọ sí i pé ó hàn pé òǹkọ̀wé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nípa páìpù.

Ohun tó wà lẹ́yìn àwọn fáàfù náà ni mi ò retí. Nígbà tí mo kó wọn kúrò, ìtàn náà yára dé ọ̀dọ̀ baba arúgbó, mo sì rántí ohun tí mi ò kọ sínú lẹ́tà kankan. Plọ́ńbà tún páìpù náà ṣe, omi dá, èmi kò sì gòkè mọ́. Oṣù méje ni mo tún fi gbé lábẹ́ baba yẹn. Mo kó lọ sí Pordenone láì dágbére. Bóyá èmi gan-an ni mo to páìpù dí ọ̀nà, kí n má bàa tètè débẹ̀. Mo tún ojú ìwé tó kẹ́yìn kọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èsì ìdíje Torino dé lóṣù tó kọjá. Méjìdínlọ́gọ́ta, ọgọ́ta ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní ìparí kò lágbára. Ìyàwó mi bi mí bóyá kí òun gbé epo kaná. Mo ní Torino jìnnà.

Ṣùgbọ́n Sátidé tó kọjá, mo lọ sí Padova. Dottoressa ti ń ka ìtàn mi báyìí láìsí ìdíje, nítorí chin-chin, lórí àdéhùn pé mi ò ní bẹ̀rẹ̀, àti pé òun á kọ́kọ́ wọn ìfúnpá mi. Ó wọ̀n ọ́n. Ó wá gbé ìtàn náà sórí káńtà, mo sì ṣí i láti ẹ̀yìn. Àmì pẹ́ńsùlù rẹ̀ wà ní ojú ìwé tó kẹ́yìn.

"Kí ló dé tí ẹ fi dúró níbí?"

"Oníbàárà kan wọlé, ó ń wúkọ́." Ó wo àwọn márùn-ún tó tò sẹ́yìn mi, ó wá tẹ̀ síwájú lórí káńtà. "E poi? Ṣé ó padà gòkè?"

Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Láti ọjọ́ amministratore ni mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn. Mo pa ẹnu dé, mo ti ìwé náà padà sí i.

"Ó wà níbẹ̀, dottoressa."

Ó fi í sínú àpótí abẹ́ káńtà, ó pe nọ́ńbà tó kàn. Mo kọ àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà sínú ọkọ̀ ojú irin kí n tó dé Mestre. Ìfúnpá, 136 lórí 85. Torino, méjìdínlọ́gọ́ta. Padova, ó ku ìlà mọ́kànlá.