Ẹsẹ̀ Mi Lórí Àpáta Ọ̀kà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ tí mo jáde nílé ní Òṣogbo láti lọ sí Ọ̀kà Àkókó. Ọyẹ́ mú gan-an. Mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo sì ń fi ọwọ́ kejì wọ́ àpò ńlá kan tí ẹrù inú ẹ̀ kì í ṣe tèmi. Fúnkẹ́ ló ni ín. Ó di aṣọ, bàtà, mílíìkì, ṣúgà àti oògùn ara ríro sínú ẹ̀ fún ìyá ẹ̀. Ní tèmi, ohun tí ọkàn mi wà lára ẹ̀ ni ìwé kan tó wà nínú báàgì mi, tí ẹ̀yìn ẹ̀ ti fẹ́ já tán.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù Fúnkẹ́ ló tẹ̀lé tèmi, ògiri kan ló wà láàárín wa. Tí kò bá sí oníbàárà, ìwé ìtàn ni mo máa ń kà lẹ́yìn máṣíìnì. Tí mo bá sì ti ka èyí tó dùn mọ́ mi, mo máa ń lá àlá pé mo wà ní ìlú tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, pé mò ń rìn ní àdúgbò wọn, pé mò ń ra àkàrà lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú yẹn, òkè òkun ni, owó mi ò lè gbé mi débẹ̀ láéláé. Ọ̀kan péré ni ọkọ̀ lè gbé mi dé. Ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéọlá ni. Ọkọ ẹ̀ tó ń ta aṣọ ní ọjà Ìkàrẹ́ lọ sí ìdálẹ̀, kò sì padà. Adéọlá á wá máa gun àpáta kan l'Ọ̀kà ní ìdájí ojoojúmọ́, á dúró, á máa wo ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ka ìwé yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ni mo sunkún.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ọmọ Ọ̀kà ni Fúnkẹ́, mo ní mo fẹ́ lọ kí ìyá ẹ̀. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìyá Tọ́lá, ẹ̀yin? Ẹ máa bá mi dé ọ̀dọ̀ màámi?" Omi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti délé gbẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀bù àti ọmọ ò jẹ́. Mi ò sọ̀rọ̀ ìwé fún un rárá. Mo jẹ́ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bọ́ọ̀sì tó gbé mi dé Àkúrẹ́ gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, Iléṣà la gbà. Ní Àkúrẹ́, mo jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì, mo sì wọ ọkọ̀ Ìkàrẹ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Wọ́n kó èèyàn mẹ́rin sẹ́yìn, èmi àti bàbá kan jọ pín àga iwájú. Ọ̀nà náà dáa díẹ̀ títí dé Ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn Ọ̀wọ̀ ni kòtò bẹ̀rẹ̀, tí awakọ̀ ń fi ọwọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ àwọn tó ń bọ̀. Ibẹ̀ náà ni òkè ti bẹ̀rẹ̀. Àwa náà ní òkè nílé, àmọ́ igi ló bo tiwa. Tiwọn, àpáta ni látòkè délẹ̀, dúdú, ó ń dán, ó yọ lẹ́yìn ilé onílé bíi pé erin kan dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Mo bi awakọ̀ bóyá ó mọ ilé alájà kan tí fèrèsé ẹ̀ jẹ́ búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìkàrẹ́. Ilé ọkọ Adéọlá nìyẹn.

"Ilé ta ni?" ó bi mí.

"Kò sẹ́ni tó ni ín. Inú ìwé ló wà."

Ó yíjú wò mí. "Àǹtí, ẹ gbéra láti Òṣogbo wá wá ilé tó wà nínú ìwé?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí díẹ̀.

Nígbà tí a dé Àkùngbá, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún ojú títì, tí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì tò lọ rẹrẹ, awakọ̀ tún bi mí ibi tí mo ń sọ̀ sí gan-an. Mo ní Ọ̀kà. Ó ní kí n sọ̀ níbẹ̀ yẹn kí n gba ọ̀kadà, pé Ìkàrẹ́ á jìnnà sí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní rárá, kó máa gbé mi lọ.

Báyìí ni mo ṣe wọ ọjà Ìkàrẹ́ pẹ̀lú àpò Fúnkẹ́ lọ́wọ́. Iṣu pọ̀ níbẹ̀ ju bí mo ṣe máa ń rí i nílé lọ, ó tóbi, ó sì dínwó ju tiwa lọ. Mo yí ọjà náà ká. Mo béèrè ilé onífèrèsé búlúù lọ́wọ́ alátà, lọ́wọ́ oníṣu, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù mi dún. Màmá Fúnkẹ́ ni.

"Ọmọ mi, ibo lo dé báyìí? Mo ti gún iyán sílẹ̀. Àwọn ará ilé ti pé, wọ́n fẹ́ rí ẹ."

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní, "Màmá, a ò tíì dé Ọ̀wọ̀ o. Ọ̀nà ò dáa."

Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á mú ẹ dé láyọ̀." Mo ti fóònù sínú báàgì, mo sì ń wá fèrèsé kiri nìṣó. Mi ò rí i.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọ̀kadà gbé mi gun òkè lọ s'Ọ̀kà. Ọ̀nà náà ń lọ́, ó ń gòkè, atẹ́gùn tútù ń wọ ara, mo sì ń rí orí òrùlé àwọn ará ìsàlẹ̀. Inú mi dùn bíi tọmọdé. Màmá Fúnkẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀, ó wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àga onírọ́bà bíi mélòó kan tò síwájú ẹ̀, kò sẹ́nì kankan lórí wọn.

"Wọ́n dúró dè ẹ́ títí," ó ní. "Mo ní kí wọ́n máa lọ. Ṣé ọkọ̀ ló bà jẹ́?"

"Ó bà jẹ́ díẹ̀, Màmá."

Ó káàánú mi, ó sì gba àpò tí Fúnkẹ́ fi rán mi. Iyán ọ̀sán ti le nínú abọ́. Ó ní òun ò lè gbé ìyẹn fún ẹni tí ọmọ òun rán wá, ó ti se iṣu mìíràn, ó sì wọ ẹ̀yìnkùlé lọ gún un fúnra ẹ̀. Mo gbọ́ dídún ọmọ odó. Èmi jókòó, mò ń wo àpáta tó yọ lẹ́yìn ilé, mò ń bi ara mi léèrè bóyá òun ni.

Iyán náà funfun, ó kúnná, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́ ló fi gbé e fún mi. Bí mo ṣe ń jẹun ló ń bi mí ní ìbéèrè.

"Ṣé Fúnkẹ́ sanra?"

"Ó ṣe déédéé, Màmá."

"Àwọn ọmọ ẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń gbọ́ èdè wa?" Èdè Ọ̀kà ló ní lọ́kàn; Yorùbá tó ń bá mi sọ, nítorí tèmi ló ṣe ń sọ ọ́.

Mi ò mọ̀. Mi ò gbọ́ kí Fúnkẹ́ sọ èdè Ọ̀kà rí, torí mi ò bi í rí.

"Èyí tó kéré jù yẹn, tí àyà ń dùn, ṣé ara ẹ̀ ti yá?"

Mo gbé òkèlè dúró lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni ọmọ yẹn ń sáré gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá. Mi ò mọ̀ pé àyà ń dùn ún. Mo mọ orúkọ gbogbo ọmọ tí Adéọlá bí nínú ìwé, mo mọ èyí tí ibà pa nínú wọn, mo tiẹ̀ mọ àwọ̀ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ó ti yá, Màmá." Ìyá náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ohun tí mi ò mọ̀.

Ó yẹ kí n ti gbọ́ ọgbọ́n níbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, mo béèrè àpáta pẹlẹbẹ kan tí èèyàn ti lè rí ọ̀nà.

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Màá mú ẹ lọ láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Má dá nìkan lọ o, àwọn èèyàn ń lò ó."

Mo ní kò burú. Àmọ́ Adéọlá kì í lọ lẹ́yìn oúnjẹ. Ìdájí ló máa ń lọ. Nígbà tí àkùkọ kọ, mo rọra ṣí ilẹ̀kùn, mo mú ìwé mi, mo lọ.

Ọyẹ́ ti bo gbogbo ibẹ̀, mi ò fẹ́ẹ̀ rí ọwọ́ mi. Mo gun àpáta náà pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo dókè, mo rí i pé ilẹ̀ funfun níwájú mi, mo rò pé ìrì ni, tàbí àwọ̀ àpáta. Mo rìn wọ àárín ẹ̀. Nǹkan ń fọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó ń dún wẹ́wẹ́. Mi ò wolẹ̀. Mo dúró bí Adéọlá ṣe máa ń dúró, mo kọjú sí ọ̀nà, mo gbé fóònù sókè kí n ya ara mi.

"Ta nìyẹn? Ẹ dúró! Ẹ má gbẹ́sẹ̀!"

Obìnrin kan ló yọ nínú ọyẹ́ pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó di orí mú. Ìgbà yẹn ni mo tó wolẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni, èyí tí àwa ń pè ní pákí. Wọ́n ti rẹ ẹ́, wọ́n ti bó o, wọ́n ti sá a sórí àpáta kó gbẹ, kí wọ́n lè lọ̀ ọ́ ní láfún. Mo ti tẹ̀ ẹ́ láti etí kan dé ìkejì. Erùpẹ̀ bàtà mi wà lára ẹ̀ káàkiri.

"Láti ọjọ́ wo ni mo ti ń sá a!" obìnrin náà ní. "Ọjà Ìkàrẹ́ ni mò ń gbé e lọ. Àlejò ta ni yín? Kí lẹ wá ṣe lókè yìí láìtíì mọ́jú?"

Ṣé kí n ní mo wá dúró síbi tí obìnrin inú ìwé dúró sí? Mo fi ìwé náà pamọ́ sẹ́yìn mi.

Màmá Fúnkẹ́ ló dé. Ó ti jí, kò bá mi lórí ẹní, ó sì tẹ̀ lé mi, ó ń fi ọwọ́ tá àpáta gòkè. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. Kò bá mi wí. Ó yíjú sí obìnrin náà, tó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀ ní ọjọ́ orí, ó sì kúnlẹ̀ sórí àpáta.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, jọ̀ọ́. Ọmọ mi ló rán an sí mi. Ẹsẹ̀ ẹ̀, ẹsẹ̀ mi ni."

Obìnrin náà pariwo. "Ìyá, ẹ dìde! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́!" Òun náà kúnlẹ̀, ó ń fà á sókè. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, èmi nìkan ni mo dúró, lórí oúnjẹ wọn, pẹ̀lú bàtà. Mi ò tíì rí ìtìjú tó tó ìyẹn láyé mi. Ara mi ń gbóná nínú ọyẹ́ yẹn.

Mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Mo ní màá san án. Ìyá Bọ́sẹ̀ ò tiẹ̀ wo àpò owó tí mo mú jáde. Ó ní, "Ẹ bá mi ṣà á." A ṣà á, àwa mẹ́ta, títí oòrùn fi yọ. Èyí tó mọ́ lọ sínú agbọ̀n, èyí tí mo ti bà jẹ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ewúrẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ ká, ọ̀nà náà hàn nísàlẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé gẹ́lẹ́. Mi ò lè wò ó.

Mo fẹ́ padà sílé lọ́jọ́ náà, àmọ́ mo dúró. Mo bá Ìyá Bọ́sẹ̀ bó ẹ̀gẹ́ mìíràn ní ẹ̀yìnkùlé ẹ̀, Màmá náà jókòó tì wá. Ọ̀bẹ gé mi níka. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé tí Màmá bá fẹ́ mú ẹ̀gẹ́ tó wà ní apá òsì, gbogbo orí ẹ̀ ló máa ń yí sí i. Mo rántí pé ní alẹ́ àná, nígbà tó ń gbé omi fún mi, ọwọ́ ẹ̀ kọjá ọwọ́ mi, mi ò sì kọbi ara sí i.

"Màmá, ṣé ojú òsì yín ń ríran?"

Ó gbé ẹ̀gẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀. "Láti ìgbà òjò ló ti ṣú. Mi ò sọ fún Fúnkẹ́. Kí ni kó ṣe? Ọmọ wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ṣé kí n sọ fún un?"

"Ìwọ lo rí i," ó ní. "Èmi ò rán ẹ."

Lọ́jọ́ kejì mo gba Àkùngbá padà, mi ò dé Ìkàrẹ́ mọ́. Nínú ọkọ̀, mo ṣí ìwé náà láti wò ó bóyá ẹni tó kọ ọ́ ló tàn mí, tó ní àpáta náà ṣófo. Mo wá ibi tí Adéọlá ti kọ́kọ́ gun àpáta. Ó wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń sá ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, Adéọlá sì ń yẹ̀ fún ẹ̀gẹ́ wọn bó ṣe ń kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi ojú fò ó, torí mò ń sáré lọ bá a níbi tó ti ń sunkún. Mo pa ìwé náà dé. Bí mo ṣe kàwé ni mo ṣe dé ilé Màmá náà, bẹ́ẹ̀ náà sì ni mo ṣe ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fúnkẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Mo dé Òṣogbo ní ìrọ̀lẹ́. Fúnkẹ́ ò tíì ti ṣọ́ọ̀bù. Ó sáré jáde, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi. "Màámi ńkọ́?" Mo jókòó sórí páálí ọṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo jẹ́wọ́ ìwé, mo jẹ́wọ́ irọ́ tí mo pa, mo sọ ti ẹ̀gẹ́, mo sọ ti ojú. Ó sunkún nítorí ojú yẹn. Ó ní òun á lọ lọ́sẹ̀ yẹn, òun á mú un lọ sí ọsibítù. Ó sì lọ, èmi ni mo bójú tó ṣọ́ọ̀bù àti ọmọ tí àyà ń dùn yẹn. Orúkọ ẹ̀ ni Ìtùnú, ó ń gbọ́ èdè Ọ̀kà díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mi ò lè sọ fún Fúnkẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òun náà máa ka èyí pẹ̀lú yín, kó wá gbọ́ ọ níbí. Fúnkẹ́, ìyá ẹ kúnlẹ̀ fún ọmọdé, lórí òkúta, nínú òtútù, nítorí mi. Mo wà níbẹ̀. Mo dúró, mò ń wò ó.