Ojú Ewé Tí Wọ́n Fi Wé Àkàrà Fún Mi

Mọ́kọ́lá ni mo ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba padà. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn wa, mo ti lo mẹ́rin àbọ̀. Bí mo bá ti dárúkọ fírídọ̀mù, àdúrà ìparí ẹ̀kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi obìnrin á ní, "Jẹ́ kí Iléyá kọjá." Iléyá á kọjá, wọ́n á ní ó di Kérésì. Ẹ gbà mí o! Èmi ni mò ń gé, èmi ni mò ń rán, ta ló fẹ́ kí n lọ? Bẹ́ẹ̀, ọmọ iṣẹ́ tó bá lọ láìgba àdúrà ọ̀gá, iṣẹ́ ò ní yẹ ẹ́, ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ti bá mi wá ṣọ́ọ̀bù sí Challenge. Onílé ní bí n ò bá kó dé kí oṣù tó parí, òun á fún ẹlòmíràn.

Lóṣù yẹn gan-an ni mo ra àkàrà, tí alákàrà fi ojú ewé ìwé ìtàn kan wé e fún mi. Mò ń jẹ, mò ń kà. Obìnrin kan ló jókòó sínú yàrá fún ọdún gbọọrọ, ó ń retí ẹni tó máa wá ṣílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó ṣí. Kò sẹ́ni tó tì í mọ́ ọn látọjọ́ yìí. Ibẹ̀ ni ewé ti ya. Èmi mà ni ìwé yìí ń bá wí!

Mo nu epo ara rẹ̀, mo tọ́jú rẹ̀ sínú agolo bọ́tìnì. Ibẹ̀ ni ọ̀gá mi ti rí i. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n ní kí n kà á fáwọn. Mo kà á.

"Kí lobìnrin náà wá ṣe?"

Kò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n mo ní, "Ó jáde, mà."

Wọ́n feyín gé òwú. "Ó jáde! Ta wá ló gbàdúrà fún un?"

Mo jókòó padà sídìí máṣíìnì. Ṣọ́ọ̀bù Challenge di ti ẹlòmíràn. Ó tó ọdún kan gbáko sí i kí wọ́n tó gbọ́wọ́ lé mi lórí, tí mo ń ṣe àmín.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ láti ìgbà náà, mi ò rí ìyókù ìtàn yẹn. Inú ṣì ń bí mi, kì í sì í ṣe sí ọ̀gá mi, sí ara mi ni. Kò kúkú sẹ́ni tó tilẹ̀kùn mọ́ mi.