Jẹ́-n-rí-i àti Ẹ̀rọ Ìgégi tí Kò Lágbára Mọ́

Agégi kan wà tí gbogbo ẹni tó bá a dòwò pọ̀ ń pè ní Jẹ́-n-rí-i. Orúkọ náà kò ṣẹ̀yìn ìwà rẹ̀. Bí o bá sọ fún un pé igi ẹ̀yìnkùlé rẹ kò tóbi, yóò ní kí o jẹ́ kí òun rí i. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní iyọ̀ ti tán, yóò ṣí agolo wò kó tó yọwó. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó kàn gbà pé ẹnu lè purọ́, ṣùgbọ́n ojú òun kò jẹ́ purọ́ fún òun.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi gé igi. Ẹ̀rọ tó ń lò, ó ti di ọdún kọkànlá tó rà á, ó sì mọ ohùn rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi fu ú nígbà tí ẹ̀rọ náà yí ìwà padà. Bí kò bá sí nínú igi, á máa ké gooro. Àmọ́ bí ṣéènì bá ti wọ inú igi líle báyìí, ẹ́ńjìnnì á rẹ̀ wálẹ̀, á fẹ́ kú. Igi tó ń gé ní ìṣẹ́jú méjì tẹ́lẹ̀ di ti ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ẹni tó kọ́kọ́ fura sí ni ẹni tó ń ta epo fún un. Ó bu epo sínú ìgò funfun, ó gbé e sójú oòrùn, ó ń wá omi nínú rẹ̀. Kò rí omi, síbẹ̀ ó pààrọ̀ ibi tó ti ń ra epo. Lẹ́yìn náà ó fura sí ọ́ìlì, ó tún fura sí ṣéènì, ó pọ́n ọn títí eyín rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò so èso rere, ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ Dáńtọ́.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni Dáńtọ́. Mẹkáníìkì ẹ̀rọ kéékèèké ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ẹni tó ń ta táyà. Àwọn agégi ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá a, nítorí ó mọ bí wọ́n ṣe ń ki agbára bọ ẹ́ńjìnnì.

“Kì í ṣe eré sísá ni mo ń wá,” Jẹ́-n-rí-i sọ fún un. “Agbára ni. Kí ṣéènì máa yí lọ, bí igi tilẹ̀ dì í mú.”

Dáńtọ́ ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Òun yóò yọ gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà nísàlẹ̀ sílíńdà, kí písítìnnì lè máa tẹ epo àti afẹ́fẹ́ mọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kí iná tó ràn án. Òun yóò fi fáìlì fẹ ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde, òun yóò la ẹnu sàlẹ́ńsà sí i, òun yóò sì tún epo kábúrétọ̀ wọ̀n. Jẹ́-n-rí-i ní ó dára, òun yóò jókòó tì í. Ó ti fi ọ̀dà èékánná ìyàwó rẹ̀ kán ẹyọ kọ̀ọ̀kan sára kábúrétọ̀, púlọ́ọ̀gì àti sàlẹ́ńsà, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ògbólógbòó pààrọ̀ tirẹ̀. Àna ni àna ń jẹ́; ẹ̀rọ ìjẹun ẹni kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣe àna.

Ó dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan délẹ̀, ó jókòó lé e. Dáńtọ́ fi gééjì wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ tó. Ó wo gééjì náà, ó tún un wọ̀n, ó sì wo ọwọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó yára gbójú kúrò. Jẹ́-n-rí-i rí ìwò yẹn. Nígbà tó béèrè ohun tí gééjì sọ, Dáńtọ́ ní kó máa lọ sílé, iṣẹ́ náà yóò parí lọ́la.

Nítorí àmì ọ̀dà tó ti fi sí i, ó gbà láti lọ, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi rántí pé òun gbàgbé fìlà. Bó ṣe padà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bàtà ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ìyàwó yìí kan náà ló sọ láàárọ̀ pé ọ̀dọ̀ aránṣọ lòun ń lọ. Ó gbọ́ tí Dáńtọ́ ń sọ pé, “Tó bá tú u wò ńkọ́?” Wọ́n rí i. Ìyàwó ní òun kàn yà kí àbúrò òun ni. Jẹ́-n-rí-i mú fìlà rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé ẹ̀rọ fún un. Ariwo rẹ̀ le débi pé ajá onítáyà sá wọlé. Ó gbé e délé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi gíláàsì ìkàwé sójú. Àmì ọ̀dà rẹ̀ pé. Sàlẹ́ńsà ni wọ́n là lẹ́nu lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó wo àwọn bóòtù tó di sílíńdà mú, ìdọ̀tí ọ́ìlì àti ìyẹ̀fun igi ọdún mọ́kànlá ṣì wà lórí wọn, ó gan mọ́ wọn típẹ́típẹ́. Irin kankan kò kàn wọ́n, a jẹ́ pé wọn kò ṣí sílíńdà rárá. Ariwo ni wọ́n fi kún un.

Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó lè jẹ́ pé Dáńtọ́ fẹ́ kí ẹ̀rọ náà sú òun, kó lè rà á ní ẹ̀dínwó. Ó lè jẹ́ pé ìyàwó fẹ́ kí iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀, kí òun lè wá máa gbé lábẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó ní ebi kò pa òun. Ìyàwó wò ó, ó kó àwo rẹ̀ kúrò.

Ní òwúrọ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà ka orí tábìlì Dáńtọ́. “Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ, kí lẹ ń gbìmọ̀ lẹ́yìn mi?”

Dáńtọ́ kò jiyàn. Ó tan ẹ̀rọ náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́. “Ẹ fa gáàsì rẹ̀ dópin, ẹ̀gbọ́n.”

Jẹ́-n-rí-i fi ìka fa gáàsì, irin kékeré tó ń fún ẹ́ńjìnnì lépo.

“Ṣé ó ti dópin?”

“Ó ti dópin.”

“Ẹ wo ìka yín.”

Ó wò ó. Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ wà lórí gáàsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀nà ló fà á dé. Lójú tirẹ̀, gbogbo agbára rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́. Dáńtọ́ gbé ìka tirẹ̀ lé e, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé tán, ẹ́ńjìnnì náà sì bú ramúramù bó ṣe máa ń ṣe láti ọdún kìn-ín-ní. Ohun tó bà á lẹ́rù jù ni pé bí kò bá fojú rí ìka Dáńtọ́ lórí tirẹ̀, kì bá tí mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Dáńtọ́ pa ẹ̀rọ. Ó ní gééjì ti sọ fún òun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kò sí ohun tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Bí òun bá sì fi agbára kún un, tó bá ta lójijì nínú igi, ọwọ́ wo ni ọkọ ẹ̀gbọ́n òun yóò fi dì í mú? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ariwo nìkan ni òun àti ẹ̀gbọ́n òun gbà láti fi kún un.

Nígbà tí Jẹ́-n-rí-i délé, ó bi ìyàwó rẹ̀ ìdí tí kò fi sọ fún òun.

“Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá Ìbejì. Mo ní tí òjò bá rọ̀, ìka yín á funfun bí ẹfun, mo ní ife ń já bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ní òtútù ni.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọwọ́ tó kú ló dùn ún tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé àwọn méjì tí òun fẹ́ràn jókòó, wọ́n gbìmọ̀ bí wọ́n ṣe máa fi ariwo tan òun bí ọmọdé. Ìyàwó náà mọ èyí. Lọ́jọ́ kẹrin ó ní kó dárí jì òun nítorí ẹ̀tàn náà, ṣùgbọ́n òun kò ní bẹ̀bẹ̀ nítorí ìdí rẹ̀.

Wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní kó dijú, ó ń fi abẹ́rẹ́ gún un níka lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa sọ èyí tó bá mọ̀ lára. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní kó má lajú wò. Dókítà ní gbígbọ̀n ẹ̀rọ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wá ti ba iṣan ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, kò sì dájú pé yóò padà sípò. Bó bá dáwọ́ dúró báyìí, kò ní burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́-n-rí-i dúpẹ́, ó sì tọ dókítà mìíràn lọ. Ohun kan náà ni ìyẹn sọ.

Ó pa ẹ̀rọ tì. Àwọn tó ń ra igi nìkan ló kù tó ń wá a, torí pé ó lè lu igi tó wà lóòró, kó fetí sí i, kó sì sọ bóyá inú rẹ̀ ti jẹrà, kò sì sí ẹni tó lè fọ̀rọ̀ dídùn yí i lọ́kàn padà. Iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe títí di òní.

Àárín òun àti Dáńtọ́ kò tètè gún. Ó pẹ́ kó tó tún gbé ẹsẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lọ́jọ́ tó lọ, agégi kan tí kò mọ̀ rí ń ṣàlàyé fún Dáńtọ́ pé ẹ̀rọ òun kò lágbára mọ́. Jẹ́-n-rí-i bi í bóyá ìka rẹ̀ máa ń kú láàárọ̀. Ọkùnrin náà fi ìfura wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní kí ló kàn án níbẹ̀.

Jẹ́-n-rí-i ní kò kan òun, ṣùgbọ́n kó na ọwọ́ jáde kí àwọn rí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkùnrin náà tó nà án.