Ìparí Ìwé tó Lọ sí Oko Kájú

Lọ́dọ̀ wa ní agbègbè Tchaourou ní ilẹ̀ Benin, ta ni kò mọ iṣẹ́ àáró? Lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Kálukú á kọ ebè tí wọ́n pín fún un, ilẹ̀ á sì tán. Èmi olùkọ́bìnrin tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wọn ń pè ní Tata, tí mo ń bá àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ka ìtàn ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ni mo gbé àáró wọnú ìwé. Ẹ̀dà kan ṣoṣo la ní, àwọn ọmọ sì jẹ́ mẹ́fà, ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní ìwé kankan nílé àfi ti iléèwé. Mo bá fa ìwé náà ya sí ọ̀nà mẹ́fà. Kí kálukú ka tirẹ̀, kó wá sọ ọ́ fún wa, ìbáà jẹ́ ní Nàgó, èdè ilé wa, ìbáà jẹ́ ní Faransé. Ọgbọ́n yẹn wù mí débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín lọ sílé.

Nígbà tí a dé abala karùn-ún, àwọn ọmọ ti ń dé ibi ìkàwé ṣáájú mi. Obìnrin inú ìtàn ti dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ṣé yóò kí i? Ọwọ́ ọmọbìnrin kan ni abala kẹfà wà, ọ̀sẹ̀ tí a pín ìwé gan-an ni ìyá rẹ̀ sì mú un lọ ṣa kájú lọ́nà Goro. Mo ti rò pé yóò padà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sọ fún mi pé ìyá rẹ̀ ní iléèwé ti tó, bẹ́ẹ̀ ìdánwò kò jìnnà mọ́.

Wọ́n bẹ̀ mí kí n sọ ìparí. Mo kọ̀, orí kunkun mi kò jẹ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ohun tí ọmọ yẹn ń fi ìtàn tí kò lórí ṣe. Mo gun ọ̀kadà zémidjan, ó di Goro.

Lábẹ́ igi ni mo bá wọn, àwọn obìnrin ń yọ kóró kájú lára èso, wọ́n sì ń bú ẹnì kan kíkankíkan. Ọmọ náà wà láàárín wọn, abala ìwé mi tó ń kà fún wọn wà lórí itan rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí mi.

"Tata, ẹ káàbọ̀! Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá inú ìwé yín. Ọmọ rẹ̀ dé, kò kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọ náà ni! Ìyá tó yọ ọmọ kúrò ní iléèwé torí kájú, kí ló ń retí?"

"Ìkà ni!" ni àwọn yòókù wí.

Mo wo ọmọ náà. Kájú ló ń wò. Ẹ̀rín ń pa mí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí.

"Tata, kí lẹ ń wò ó fún? Àbí ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé?" ni ìyá rẹ̀ bi mí.

Mo lè parọ́. Irọ́ gidi ni ì bá jẹ́, ó sì lè gba ọmọ náà là. Ṣùgbọ́n ìyá náà tẹjú mọ́ mi, ó fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́.

"Kò sí níbẹ̀, ìyá. Ilé bàbá ọmọ náà ni ìyá yẹn tà. Kò sí kájú nínú ìwé náà rárá."

Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ta ló wá ni ọ̀rọ̀ iléèwé yẹn?"

Ọmọ náà mú èso kan, ó yọ kóró rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú abọ́.

"Láti ọjọ́ wo ni mo ti ń bá yín bú ara mi?" ni ìyá bi àwọn obìnrin náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Dìde. Lọ di ẹrù rẹ."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

"Tata, ẹ tètè mú un lọ, kí ọkàn mi tó yí padà."