Yàrá Tí Wọ́n Ṣèlérí fún Wa Létí Àfonífojì

Bọ́ọ̀sì wa ti kọjá Òṣogbo nígbà tí mo pe mánéjà ilé ìtura náà pé a ti ń bọ̀. Mo ní, "Yàrá wa ńkọ́?" Ó ní, "Yàrá wà, Ìyá. Ẹ máa bọ̀, ẹ má mikàn." Mo fi fóònù sápò, mo ń jẹ gúgúrú mi lọ. Ìgbà tí a dé ẹnu géètì, ọkọ̀ ti kún àgbàlá, àwọn ọmọdé ń sáré kiri, wọ́n sì ti sá aṣọ sórí òdòdó. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ wa kò nílò kí wọ́n sọ fún un. Ilé ti kún.

Kí n tó sọ bó ṣe jẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mo ṣe, torí àwọn kan ní Ìwó níbí ṣì rò pé òtẹ́ẹ̀lì ni mo ni. Mi ò ní òtẹ́ẹ̀lì rí. Ibùsùn ni mo máa ń wá fún àwọn arìnrìn-àjò. Ọ̀dọ̀ Alhaji kan tó ń kó èèyàn lọ sí Mẹ́kà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń pín wọn sí yàrá: ẹni tó ń hanrun, ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, orogún méjì tí a kò gbọdọ̀ fi sínú yàrá kan. Alhaji yẹn ló kọ́ mi pé oríṣi yàrá méjì ló wà láyé. Yàrá ẹnu ni èyí tí wọ́n ṣèlérí fún ọ. Yàrá kọ́kọ́rọ́ ni èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti wọ ọwọ́ rẹ. Á ní, "Ràfátù, a kì í tẹ́ ẹní sínú yàrá ẹnu o."

Nígbà tí mo fi ọ̀nà Mẹ́kà sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní kí n máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa òkúta wá ibi tí wọn yóò sùn. Mo rò pé iṣẹ́ ìsinmi ni. Àṣé èrò Mẹ́kà rọrùn! Àwọn wọ̀nyí, ibi tí ọkọ̀ kì í dé ni wọ́n ń fẹ́ lọ. Ibi tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ yẹn, ìlú kékeré kan ni lókè Ìjẹ̀ṣà. Lẹ́yìn ìlú náà, odò kan ti la àpáta sí méjì láti ayébáyé. Ògiri òkúta dúró lọ́tùn-ún, ó dúró lósì, àwọn èèyàn á máa rìn nísàlẹ̀ bí eèrà tó kó sínú ògiri tó sán. Àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, torí bó bá di ọ̀sán, òjò lè rọ̀ lókè, kí odò kún láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ dé ibẹ̀, ìlú yẹn ló gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú, ilé ìtura kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀. Onílé ìtura ọ̀hún ò sì fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ tí wọ́n máa ń fi táwẹ̀lì nù.

Olùkọ́ wọn, Dókítà Bùnmi, ti fi odindi sáà kan bẹ àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó gbà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé bí oòrùn bá wọ̀ tí àwọn ọmọ ò rí ibùsùn gidi, kí bọ́ọ̀sì yí padà, kó má sì dárúkọ àfonífojì létí àwọn mọ́. Mo ti fi ẹnu mi sọ fún un pé ibùsùn wà.

Mánéjà náà jáde. Kọ́lá lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní. Kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

Mo ní, "Dìde. Kí ló dé?"

"Àwọn tó fẹ́ ṣe fídáù bàbá wọn lọ́la ló gbà á, Ìyá. Gbogbo ẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìjẹta."

"Mo pè ọ́ lánàá. Mo pè ọ́ láàárọ̀. Mo tún pè ọ́ nísinsìnyí lọ́nà!"

"Ohùn àgbà ni mo ń gbọ́, Ìyá. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ lahùn sọ pé kò sí."

"Ṣé o ò wá lè sọ ọ́ fún àwọn yẹn ni?"

"Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú? Ta ló máa wo irú wọn lójú pé kò sí?"

Inú ń bí mi, àmọ́ ẹ̀rín ló ń pa mí. Ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó ti bọ̀wọ̀ fún gbogbo wa, ó wá ku ibi tí a máa sùn.

Dókítà Bùnmi ń wo fóònù rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run. "Ìyá, kí n sọ fún dẹ́rẹ́bà kó yí padà?"

Mo bi Kọ́lá pé, "Ilé ọlọ́fọ̀ dà?"

Dókítà ní, "Ẹ̀yin náà! Ṣé ẹ fẹ́ lọ lé wọn jáde ni?"

"Rárá o. Mo fẹ́ lọ kí wọn."

"Ìyá, oòrùn ń wọ̀!"

"Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tètè lọ kí wọn."

Àkọ́bí olóògbé la bá lójúde, Alhaja Mọ́rìnátù, òun àti àwọn obìnrin àdúgbò ń ṣa ẹ̀wà àkàrà tí wọn yóò fi ṣe sàráà. Mo kúnlẹ̀, Dókítà náà kúnlẹ̀ tòun ti bàtà ńlá tó fi ń gun òkè. A kí wọn kú ọ̀fọ̀, a ní kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ bàbá. Wọ́n ní àmín. Wọ́n gbé omi wá.

"Níbo lẹ ti wá?"

"Ìwó ni."

"Ìwó! Ìlú àwọn aáfà. Ẹ kú ìrìn o."

Dókítà ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà pé kí n sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá tọrọ yàrá, wọ́n lè sọ fún un pé kò sí. Àmọ́ kò sí ọmọlúàbí tó máa fún àlejò lómi tí kò ní bi í ní ìbéèrè kan. Mo mu omi mi díẹ̀díẹ̀. Ìbéèrè náà dé.

"Níbo lẹ wá wọ̀ sí?"

"A ò tíì wọ̀ síbì kankan, ìyá mi. Inú bọ́ọ̀sì làwọn ọmọ wà. Wọ́n ní àlejò ti kún òtẹ́ẹ̀lì."

"Àlejò ibo?"

Mo wo ilẹ̀. "Wọ́n ní àlejò ilé yìí ni."

Alhaja gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. "Rájí!"

Ọkùnrin oníkùn ńlá kan jáde, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Àbúrò wọn ni, Èkó ló ń gbé.

"Ṣé o gbọ́? Àlejò fẹ́ sùn sínú mọ́tò nílùú bàbá rẹ, ẹ̀yin ọmọ onílé wà ní òtẹ́ẹ̀lì!"

"Àǹtí mi, ooru ilé yìí..."

"Ooru wo? Ṣé ooru yìí kọ́ lo dàgbà sí? Bàbá kú, ẹ ò lè sùn sílé ẹ̀ lóru ọjọ́ kan!"

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò lè sun orí ẹní."

"Ẹ̀yìn tó ń gbé ikùn yẹn kiri, kí ni ò ní dùn ún? Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wá!"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nù. Ọ̀kan rọra sọ fún mi pé láti ọjọ́ táwọn ará Èkó ti dé ni ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì yìí ti wà lọ́kàn Alhaja, kò kàn rí ibi tó máa gbà sọ ọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ń pè, àbúrò ń jẹ́, kọ́kọ́rọ́ ń bọ́ sórí itan mi. Dókítà pe ilé ẹ̀kọ́, oòrùn ṣì kù díẹ̀ lójú ọ̀run. Ó ní, "Ibùsùn ti wà, sà." Ó wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nu ojú rẹ̀.

Láàárọ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì. Mo jókòó lókè, mò ń gbọ́ ohùn wọn tó ń ta láti òkúta kan sí èkejì. Nígbà tí wọ́n gòkè padà, ẹrẹ̀ dé itan wọn, eyín nìkan ló funfun lára wọn. Wọ́n wẹ̀, gbogbo wa sì lọ jókòó níbi fídáù.

Orí ẹní láàárín àwọn àbúrò rẹ̀ ni mo bá Rájí, ó ń sọ bí bàbá wọn ṣe máa ń fi omi tútù jí wọn fún ìrun àsùbá. Mo bi í léèrè ẹ̀yìn. Ó ní, "Ìyá Ìwó, ẹ ti bà mí jẹ́. Ó tún le ju tàná lọ." Bọ́ọ̀sì wa ń ṣí lọ, ó tún ti na gbalaja sórí ẹní náà.

Kí n tó wọkọ̀, mo pe Kọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Ọmọ mi, 'kò sí' kì í ṣe èébú bí a bá tètè sọ ọ́. Ẹnu géètì ló ti ń di èébú. Bó bá nira fún ọ, kọ́kọ́ kí mi dáadáa, kí o wá sọ ọ́."

Nígbà tí sáà mìíràn dé, mo tún pè é. Ó kí mi, ó kí àwọn ọmọ mi, ó béèrè orúnkún mi, ó kí ará Ìwó lápapọ̀, ó kí mi kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ó wá wúkọ́ díẹ̀.

"Ìyá, kò sí yàrá."

"Tún un sọ."

"Kò sí, Ìyá. Ó ti kún."

Mo ní, "Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. O ṣeun, o ṣeun gan-an."

Mo pa fóònù náà, mo sì pe Alhaja Mọ́rìnátù. Mi ò fẹ́ tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ wọn o. Mo kàn ní kí n kí wọn ni.